Ibi tí Wọ́n Ní Kí N Kọ Iye Rẹ̀ Sí

Òjò rọ̀ lóru àná ní àfonífojì Yákímà.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti pe hẹlikọ́pítà,
ó ń fò lórí igi ṣẹ́rì wa, ó ń fẹ́ omi dànù,
nítorí ṣẹ́rì tó bá mumi yó, bíbẹ́ ní í bẹ́.
Òjò tí ẹlòmíràn ń fi ààwẹ̀ tọrọ
ni àwa ń fi owó gidi lé lọ.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn.

Lára ògiri ilé ìkó-èso ni mo gbé bàbá mi kọ́ sí:
Torvald Haugen, ọmọ ogún ọdún,
nínú ẹ̀wù ológun tó tóbi jù ú lọ,
yìnyín Kòríà mù ún dé orúnkún.
Ìka ẹsẹ̀ méjì ló fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún.
A bi í pé kí ló mú bọ̀,
ó ní, "Ọ̀rẹ́."

Gu Man-seop ni ọ̀rẹ́ náà ń jẹ́.
Wọ́n jọ jẹ ìrẹsì tó ti di yìnyín nínú agolo kan,
wọ́n jọ dọ̀bálẹ̀ fún ìbọn kan náà.
Ogun tán, ọ̀kan padà sídìí ṣẹ́rì,
ọ̀kan padà sídìí píà ní Naju.
Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀.
Ẹnikẹ́ni kò gba owó ibodè lórí "báwo ni ara?"

Ṣùgbọ́n bí èso wa bá gúnlẹ̀ sí Búsáánì,
oníbodè a na ọwọ́.
Ti Ṣílè kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, tiwa dúró lójú oòrùn,
kó tó dé ẹnu ọmọdé ní Séóòlù
ó ti di ohun à-wò-gbé-ojú-kúrò.

Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ jókòó lé ìwé àdéhùn yìí
bí adìyẹ tó sàba lórí ẹyin tí kò fẹ́ kó pa,
ilẹ̀ méjì tó ń dìbò yan olórí, tó ń dìbò yọ ọ́,
tó ń bú u nínú ìwé ìròyìn tí ilẹ̀ sì ń mọ́ bá wọn nílé,
ṣé irú wọn ló yẹ kó máa yọjú wo ara wọn lórí odi?
Ẹni tí a lè bá kú,
ṣé a ò wá lè bá a tajà ni?

Hyeon-tae, ọmọ Man-seop, kọ̀wé sí mi:
"Ẹ̀gbọ́n, oko yín kò lópin, tèmi kò ju àgbàlá lọ.
Ẹni tó bá fi ṣẹ́rì yó ní oṣù keje,
ṣé yóò rántí píà mi ní oṣù kẹsàn-án?"
Ọjọ́ mẹ́ta ni lẹ́tà yẹn fi wà lórí tábìlì
tí mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ajigbèsè.

Mo fèsì níkẹyìn. Mo ní díẹ̀díẹ̀ ni owó náà yóò máa lọ sílẹ̀,
bí ẹni ń já ọmọ lẹ́nu ọmú.
Mo ní kó fi píà ránṣẹ́, èyí tí ó ń fi bébà wé
lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun:
àwọn ìyá àgbà wà ní Tàkómà tí yóò sunkún bí wọ́n bá gbóòórùn rẹ̀.

Graciela Ochoa, tó ń bá wa ká èso kí n tó mọ ìwé kà, bi mí bóyá yóò fi kún owó òun.
N kò parọ́ fún un. N kò mọ̀.
Èyí tí mo mọ̀ ni ọdún tí èso jẹrà mọ́ igi
nítorí kò sí ẹni tí a óò tà á fún,
tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣiṣẹ́, tó wọ mọ́tò lọ, tí kò dágbére.

Àpótí kan wà níwájú mi báyìí.
Mo ti kọ Naju sí i lára, mo kọ orúkọ òkú méjì sábẹ́ ìdérí.
Ibi tí wọ́n ní kí n kọ iye rẹ̀ sí,
òfìfo ló ṣì wà.